Ọgbọ́n Ni A Ń Tà, Kì í Ṣe Irin

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé lórí ògbólógbòó alùpùpù kan ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí pé ilé tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn kò pọ̀ láàárín wa.

Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn tí ń ra kọ́ńdẹ̀mù ń ti ọmọlanke wọn kọjá ní àdúgbò wa ní Ṣakí. Wọ́n ń ra abọ́ tí ó ti lu, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó ti dákẹ́, rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, àti ọkọ̀ tí ó ti di akúrẹtẹ̀. N kò bá wọn jà. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àwa tí a ń tà ni mo bá wí, àti jùlọ àwa tí a kàwé, tí a ń fi ẹnu sọ lójoojúmọ́ pé a fẹ́ràn ohun ìní baba wa.

Ní ilé tiwa, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ni ó kọ́kọ́ lọ. N kò sí nílé ní ọjọ́ náà. Àbúrò mi kan ni ó tà á, owó tí ó sì gbà kò tó ra ìrẹsì tí yóò tó ilé jẹ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀rọ yìí ni ìyá mi fi rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo wa. Nígbà tí ó gbọ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn béèrè pé, “Ṣé ó ti kú ni?” Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tú u wò.

Ó wá ku Vespa bàbá mi. Olùkọ́ ni bàbá mi, ní 1971 ni ó sì ra alùpùpù náà, Vespa 150 Super, tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú owó oṣù rẹ̀. Apá òsì ọ̀nà ni ó kọ́kọ́ ń gbà pẹ̀lú rẹ̀, títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí gbogbo Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Ó gùn ún lọ sí Àgó-Àrẹ, ó gùn ún lọ sí Sẹpẹ̀tẹ̀rí, nínú ọyẹ́ àti nínú òjò, nítorí ọmọ ọlọ́mọ. Lẹ́yìn tí ó ti papò dà, a gbé e sí ẹ̀yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò. Ewúrẹ́ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, adìẹ sì ń yé sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí ó wà níbẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, ní ìpàdé ẹbí, wọ́n ní kí a tà á. Àbúrò bàbá mi, ẹni tí ó jẹ́ àgbà ilé wa nísinsìnyí, wí fún mi pé, “Àlùfáà, kí ni o fẹ́ fi òkú irin ṣe?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta péré. Bí kò bá dìde, kí wọ́n máa gbé e lọ.”

Kì í ṣe ìfẹ́ bàbá mi nìkan ni ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè ìyá mi ni ó ń dún létí mi. Bí a bá ta ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò tú wò, kì í ṣe irin ni a tà. Ohun tí ọmọ ìbá kọ́ lára rẹ̀ ni a tà, ní iye owó irin. Èyí ni ohun tí mo wá jà lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ǹjẹ́ àwa ha ni ó yẹ kí irin máa bà lẹ́rù bí? Ní 1904, òyìnbó kan tí ń jẹ́ C. V. Bellamy kọ̀wé fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ròyìn ohun tí ó rí ní ìletò kan nítòsí Ọ̀yọ́: bí àwọn ènìyàn wa ti ń wa òkúta irin nínú ilẹ̀, bí wọ́n ti ń sun ún, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń yọ́ ọ nínú ìléru tí wọ́n fi amọ̀ mọ. Kò sí ẹni tí ó ti òkè òkun wá kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó yá, irin òyìnbó wọlé, ó dínwó ju tiwa lọ, iná ìléru sì kú. Ṣùgbọ́n àwọn alágbẹ̀dẹ kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n mú irin àlòkù, wọ́n mú sípíríǹgì ọkọ̀ tí ó ti ṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ di ọkọ́ àti àdá. Ẹ wò ó dáadáa: àtúnlò ohun àtijọ́ ni ó gba iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ là ní ilẹ̀ wa. Nísinsìnyí, àwa ọmọ wọn ń ti irin náà jáde láti ẹ̀yìnkùlé wa lórí ọmọlanke, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wa gbé e.

Èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń kọ́ni, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ni a dáwọ́ lé Vespa náà. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni a fi ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí a kọ́ ni sùúrù. Ẹ́ńjìnnì ti gan; a ta á ní kíìkì, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin fẹ́ fi òòlù lù ú. Mo ní rárá. A tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, a po ọ́ìlì mọ́ kẹrosíìnì, a dà á sí ihò náà, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí a wá ṣí orí sílíńdà, a fi pákó lé orí písítìnnì, a rọra kàn án ní òòlù, ó sì yọ̀ǹda. Bí a bá ti fi agbára ṣe é ní ọjọ́ kìíní, à bá ti fọ́ ọ.

Inú àgbá epo rẹ̀ kún fún ìpáàrà. A da òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ọṣẹ sí i, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin sì ń mì í bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, títí omi tí ń jáde fi mọ́. A tú kábúrétọ̀, a fẹ́ àwọn ihò inú rẹ̀ tí ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn àgbá olóòfà tí ń yí, a rí ẹnu irin kékeré méjì tí ń ṣí tí ń pa dé, tí ń sọ fún iná ìgbà tí yóò ta. Ìpáàrà ti bò wọ́n. A fi fáìlì ha wọ́n, a sì fi àlàfo tí kò nípọn ju páálí pẹlẹbẹ kan lọ sí àárín wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ka ẹ̀kọ́ iná mànàmáná nínú ìwé, wọ́n sì ti yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ojú rí ohun tí wọ́n ti kọ sínú ìwé ìdánwò.

Ibi tí ó le jù ni ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí ẹni tí ń gùn ún ń gbé ẹsẹ̀ lé. Vespa kò ní egungun bí àwọn alùpùpù yòókù. Irin pẹlẹbẹ tí a tẹ̀ ni ara rẹ̀, ara náà sì ni egungun rẹ̀. Bí a bá gé ilẹ̀ tí ó ti jẹrà kúrò láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá irin de iwájú mọ́ ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ lè wọ́, kí ó má sì tọ́ mọ́. Wẹ́dà tí a gbé e lọ bá ti gbé iná rẹ̀ sọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni ó sáré wí pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gé e. Ẹ jẹ́ ká dè é ná.” Wẹ́dà wò ó, ó wo alùpùpù náà lókè àti nísàlẹ̀, ó sì wí pé, “Òótọ́ ni o sọ.” Láti ọjọ́ náà ni wẹ́dà ti ń pè é ní Ẹnjiníà.

Nígbà tí a dé ibi kílọ́ọ̀ṣì, ọ̀nà dí mọ́ wa. Nọ́ọ̀tì tí ó dè é kò ní igun mẹ́fà. Ehín ni wọ́n gé sí i lórí, kò sì sí sípánà kan tí ó wọ̀ ọ́. Àwọn tí a bi léèrè ní kí a máa fi irin àti òòlù gbá a títí yóò fi tú. Mo gbé e tọ àgbà alágbẹ̀dẹ kan lọ ní àdúgbò wa. Bàbá yìí kò tú Vespa rí ní gbogbo ayé rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò wo ehín náà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Àlùfáà, ẹ wá páìpù irin fún mi.” Ó gé e, ó fi fáìlì gé ehín mẹ́rin sí ẹnu rẹ̀, ó kì í bọ iná, ó rì í bọ omi. Nígbà tí a dé ilé tí a fi sí nọ́ọ̀tì náà, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Irinṣẹ́ tí àwọn ará Ítálì ń ṣe nínú ilé iṣẹ́ ńlá ni bàbá wa ṣe nídìí ẹ̀wìrì, láàárín wákàtí kan.

Ẹ̀yin Olóyè, ohun tí ó dun mi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí: bàbá náà kò ní ọmọṣẹ́ kankan. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni ó bí, ọ̀kadà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gùn. Ọjọ́ tí ó bá sùn tí kò jí, ọgbọ́n tí ó fi gé ehín mẹ́rin náà yóò bá a wọ ilẹ̀. A ó pa màlúù, a ó na owó, a ó sì dá aṣọ ẹgbẹ́ láti sin òkú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí yóò rántí pé a kò rán ọmọ kan sí i nígbà tí ó wà láàyè.

Ní Sátidé kẹtàlá, a po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù, ìwọ̀n 1 sí 50, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òfin ẹ́ńjìnnì náà: bí ọ́ìlì bá kéré yóò gan, bí ó bá pọ̀ yóò fi èéfín lé ará àdúgbò jáde. Mo ta á ní kíìkì. Kò dáhùn. Mo ta á títí di ìgbà kẹjọ, ó wúkọ́, ó tú èéfín funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wà nínú yàrá. Ó ké jáde pé, “Ta ni ó gun ọkọ̀ Bàbá yín dé?” Àbúrò bàbá mi jáde wá, ó fi ọwọ́ pa iwájú alùpùpù náà, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Ìgbà wo ni ẹ ó wá wo ẹ̀rọ ìlọta ilé mi?”

Bóyá ẹlòmíràn yóò wí pé eré ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn alùpùpù náà fún yín. Vespa túmọ̀ sí agbọ́n ní èdè Ítálì. Ilé iṣẹ́ Piaggio ní Pontedera ni ó ṣe é. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù bà á jẹ́. Ogun parí, kò sì sí ọkọ̀ òfuurufú tí wọn yóò ṣe mọ́. Wọn kò ta òkìtì irin wọn kí wọ́n sì káwọ́ gbera. Corradino D'Ascanio, onímọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ni ó ya àwòrán alùpùpù yìí, wọ́n sì gbé e jáde ní 1946. Ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó di táyà iwájú mú láti ẹ̀gbẹ́ kan, ọgbọ́n ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ni. Ní 2000 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sínú ọgbà ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì to àwọn ògbólógbòó wọn síbẹ̀ kí ọmọ lè rí i.

Ẹ tún wo Íńdíà, tí ó bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1947, ọdún mẹ́tàlá péré ṣáájú wa. Ní nǹkan bí 1960 ni ilé iṣẹ́ Bajaj gba àṣẹ láti máa ṣe Vespa níbẹ̀. Ní 1971, ọdún tí bàbá mi ra tirẹ̀, àṣẹ náà parí. Ní 1972 wọ́n gbé alùpùpù tiwọn jáde, wọ́n sọ ọ́ ní Chetak. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Vespa yóò mọ ẹni tí ó bí i. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn tú u, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn tò ó, ọgbọ́n náà sì ti di tiwọn. Lónìí, ẹ jáde sí òpópó Ṣakí kí ẹ ka orúkọ tí ó wà lára àwọn ọ̀kadà tí ń kọjá. Bajaj kò ní ṣòro láti rí. Ní ọdún kan náà ni àwa àti àwọn ní Vespa lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ tiwọn. Àwa gbé tiwa sí abẹ́ igi máńgòrò.

Kì í ṣe pé ìjọba kò gbìyànjú. Ní 1975 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó, ṣùgbọ́n ohun tí a kó ti òkèèrè wá ni a ń tò jọ níbẹ̀. Ní 1982 ni ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kó ẹ̀rọ wọlé kí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, èmi fúnra mi rí àwọn ẹ̀rọ náà nínú àpótí tí a fi ìṣó kàn pa, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní kò sí iná mànàmáná. Mo béèrè pé ta ni ó ṣí àpótí wò. Kò sí. Ìbéèrè ìyá mi náà ni: ṣé ó ti kú ni? Kò sí ẹni tí ó tú u wò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn. Wọn yóò ní owó tí a ná sórí rẹ̀ pọ̀ ju iye rẹ̀ lọ. Ó ju owó tí oníkọ́ńdẹ̀mù fẹ́ san lọ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì owó alùpùpù tuntun. Bí a bá sì fi ẹ̀kọ́ tí ọmọ méjì kọ́ kún un, ta ni ó ṣòfò? Wọn yóò ní èéfín rẹ̀ pọ̀. Òótọ́ ni, n kò sì sọ pé kí gbogbo ìlú padà sórí Vespa. Wọn yóò ní kì í ṣe gbogbo ògbólógbòó ni ó yẹ kí a tún ṣe. Èyí náà jẹ́ òótọ́. Òmíràn wà tí ó ti kọjá àtúnṣe. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ tú u, kí ó wo inú rẹ̀, kí ó sì kọ́ ohun tí ó pa á, kí a tó tà á. Òkú ẹ̀rọ pàápàá jẹ́ olùkọ́.

Wọn yóò sì ní kò yẹ àlùfáà kí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Èyí ni ó bí mi nínú jù, nítorí pé àrùn tí ń pa wá gan-an nìyí. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé ọwọ́ mímọ́ ni àmì ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ó bá gba oyè ní yunifásítì, a ó pa ẹran fún un; ọmọ tí ó bá tún ẹ̀rọ ṣe, a ó bá a dúnàádúrà. Àwọn baba wa kò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún alágbẹ̀dẹ, nítorí pé láìsí i, àgbẹ̀ kò ní ọkọ́, ọdẹ kò ní ìbọn, ọlọ́jà kò sì ní òmìnira láti rìn.

Kí ni kí a ṣe? Ohun mẹ́rin ni mo ń béèrè. Èkíní, kí olúkúlùkù baálé pa á láṣẹ pé a kì í ta ẹ̀rọ kankan nínú ilé òun láìjẹ́ pé ọmọ ilé ti tú u wò. Èkejì, kí ẹ̀yin Olóyè, ní àdúgbò yín, rán ọmọ méjì méjì sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ tí ó kù, kí ẹ sì máa bọ́ wọn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń san owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa tí ń kọ́ olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde láìjẹ́ pé ó ti tún ohun kan ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀kẹrin, kí ẹgbẹ́ wa ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún, tí a ó to ohun tí a tún ṣe jọ, kí a sì fi ẹ̀bùn fún ẹni tí ó tún un ṣe, kì í ṣe ẹni tí ó ni ín.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti máa ń pa òwe yìí fún ọmọ aláìgbọràn. Mo ń pa á lónìí fún àwa tí a kò kọ́ ọmọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi kò lè padà mọ́. Bóyá wọ́n ti yọ́ ọ, bóyá ó sì ti di irin ilé ẹlòmíràn. Bí oníkọ́ńdẹ̀mù bá tún kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ tó dá a dúró, ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ kan, kí ẹ fún un ní sípánà.

Olùkọ́ kan, Ṣakí.